Ẹ wo òjìji kí ẹ tó wo òkè

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò jẹun ni ilé iṣẹ́ kan ní kí n lọ bá àwọn ya Òkè Ìdànrè, pé wọ́n fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà. Mo wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 660 yẹn, mo sinmi, mo tún gùn, òógùn bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí ìlú àtijọ́ wà lókè, aago méjìlá ọ̀sán ti fẹ́ẹ́ lù. Ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí ìkùukùu kan ṣoṣo. Mo ní orí mi ṣe é. Mo ya fọ́tò tó tó 400, mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, òkè náà dà?" Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìgbà tí èmi náà tún un wò ni mo rí ohun tó ń sọ: àpáta ràbàtà tó ń dẹ́rù ba ẹni tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ ti di eérú tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sórí bébà. Wọn ò lo ẹyọ kan nínú rẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo rí gbà.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà gun òkè, ìbéèrè yẹn ni mo ti ń wá ìdáhùn sí láti ọjọ́ náà. Mo ti ra lẹ́ńsì, mo ti pààrọ̀ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn ò sí lára wọn.

Nígbà tí èèyàn bá dúró níwájú òkè, ọrùn ń yí, ẹsẹ̀ ń rìn, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára. Gbogbo wọn ló ń sọ fún un pé nǹkan ńlá ló wà níwájú òun. Fọ́tò kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún ẹni tó ń wo fọ́tò pé òkúta yìí rí roboto, pé ihò wà níbí, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lọ́hùn-ún, ni kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkúta kan mọ́lẹ̀ kí èkejì sì ṣókùnkùn. Òjìji ló ń gbẹ́ òkè bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gbẹ́ igi. Lọ́sàn-án gangan, òòrùn kan àtàrí, òjìji á sá wọ abẹ́ òkúta, ohun tó kù fún yín kò ju àwọ̀ eérú lọ. Ìdànrè sún mọ́ ìlà àárín ayé gan-an, dígírì 7 péré ló fi wà sí àríwá rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, òòrùn á wà lókè orí wa gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ri igi mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí aago 12:40 ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí òjìji rẹ̀. Oṣù kẹrin ni mo lọ ya kàlẹ́ńdà tèmi.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ wákàtí tí mo bá ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Aago ò ràn mí lọ́wọ́, torí ìmọ́lẹ̀ aago méje oṣù kìíní kì í ṣe ti aago méje oṣù kẹfà. Mo wá padà sí orúkọ tí àwọn àgbà wa fún ìgbà: ìdájí, àfẹ̀mọ́júmọ́, kùtùkùtù, iyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ọjọ́rọ̀, àṣálẹ́. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ ojú ọ̀run ló ń wò, kò wo aago. Nínú gbogbo wọn, iyálẹ̀ta ló ti tan mí jẹ jù. Ara á ṣì máa sọ fún yín pé òwúrọ̀ ni, ìrì ṣì lè wà lórí ewé, bẹ́ẹ̀ òòrùn ti rìn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà àtàrí, ó sì ti ń fa òjìji wọlé. Fọ́tò tí mo yà ní iyálẹ̀ta tí mo sì tún padà fẹ́ràn, mo lè kà wọ́n lórí ìka ọwọ́ kan.

Ohun kejì tó tàn mí jẹ ni ẹ̀kọ́ òkèèrè. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ nípa wákàtí oníwúrà, pé òòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń fún èèyàn ní wákàtí kan gbáko láti fi ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Scotland ń rí wákàtí yẹn gbà lóòótọ́ nínú oṣù kẹfà, torí ẹ̀gbẹ́ ni òòrùn ń gbà gun ojú ọ̀run lọ́dọ̀ wọn. Tiwa ń gòkè ṣánṣán bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Dígírì 15 ló ń rìn ní wákàtí kan. Dígírì mẹ́fà àkọ́kọ́, níbi tí wúrà náà wà, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 lọ. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí ẹ máa dúró sí nígbà tí òòrùn yọ, ó ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìyá kan tó ń sá kòkó ló kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ ibi tí mo máa dúró sí. Kòkó ni wọ́n fi ń mọ Ìdànrè ju òkè lọ ní ọjà. Ẹ ò ní ṣàì bá a níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí lójú ọ̀nà. Ilé ìyá yìí wà ní ẹsẹ̀ òkè, òkè náà sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilé rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́bàá àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀, kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí màá máa retí òòrùn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọmọ mi, kí lò ń dúró dè?" Mo ní, "Òòrùn ni o, Mà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òòrùn ò ní dé ọ̀dọ̀ òun kíákíá nínú ọyẹ́, pé òkúta ńlá tó wà lápá ọ̀tún yẹn ló máa ń dí i. Àmọ́ nígbà kòkó àárín ọdún, àlàfo tó wà láàárín òkúta méjì lápá òsì ló ń gbà yọ, òun á sì ti tẹ́ ẹní òun tipẹ́. Ó nawọ́ sí igi ọsàn kan. "Tí òjìji òkè bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ igi yẹn, mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀."

Mo dúró. Òjìji ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ bí omi tó ń fà. Ó kúrò lẹ́sẹ̀ igi ọsàn, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní, kó tó tẹ́ ẹ tán ìmọ́lẹ̀ ti dé orí kòkó. Kò wo òkè rárá ní gbogbo àkókò yẹn, ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìrìn òòrùn mu pátápátá. Nínú oṣù kẹfà, òòrùn máa ń yọ ní nǹkan bíi dígírì 23 sí àríwá ìlà-oòrùn. Nínú oṣù kejìlá, á yọ ní bíi dígírì 23 sí gúúsù rẹ̀. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ náà tó nǹkan bíi dígírì 10. Ó fẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún tí òòrùn fi ń ṣí kúrò láàárín oṣù mẹ́fà. Èyí túmọ̀ sí pé ojú òkúta tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀ nígbà òjò lè má rí i rárá nínú ọyẹ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni júwe "ibi tó dáa jù" fún yín láìjẹ́ pé ó sọ oṣù mọ́ ọn.

Ẹ̀ṣẹ́ yẹn náà ni aago mi ní ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ̀ṣẹ́ kan bá ṣẹ́ kù láàárín òòrùn àti etí òkè, ó ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó bọ́ sẹ́yìn òkúta. Ẹ rántí pé etí òkè ni mo wí. Láàárín òkè, òòrùn máa ń wọ̀ kí àkókò wíwọ̀ rẹ̀ tí fóònù ń júwe tó pé.

Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹ̀yin àti òkè náà wà nínú fọ́tò, bí ẹ ò tilẹ̀ kà á sí. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó kàn wá. Búlúù inú rẹ̀ á fọ́n dànù sójú ọ̀nà, pupa àti òféèfèé á ṣẹ́ kù. Búlúù tó fọ́n dànù yẹn ló padà ń tàn sínú òjìji. Ẹ wo òjìji dáadáa ní kùtùkùtù, kì í ṣe dúdú, ó dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́ta kí n tó rí i, mo sì ti fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di dúdú nínú àìmọye fọ́tò kí n tó mọ̀.

Ọyẹ́ yàtọ̀. Eruku tó ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad fẹ́ wá máa ń bo ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ayàwòrán a sì gbé kámẹ́rà sílé títí di oṣù kejì. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bí kò bá ti pọ̀ jù. Òkè tó sún mọ́ yín á dú, tó tẹ̀ lé e á ṣì díẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ojú á mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Òòrùn á ti rọ̀ kó tó wọ̀, ìgbà míì á rá mọ́ inú eruku nígbà tó ṣì wà lókè. Ẹ tètè dé, ẹ má dúró de wíwọ̀ òòrùn tí kò ní sí. Tí eruku bá wá pọ̀ débi pé ẹ ò rí òkè kejì mọ́, ẹ lọ sùn. Ẹ sì má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú atẹ́gùn yẹn o, mo ti fi owó gọbọi fọ inú kámẹ́rà nítorí rẹ̀.

Àkọ́rọ̀ ni mo máa ń fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Òjò àkọ́kọ́ á fọ eruku kúrò lójú ọ̀run. Tó bá dá ní ọjọ́rọ̀ tí òòrùn sì tún yọjú, ẹ ó rí ìlà ara òkúta láti ibi tó jìnnà réré. Ṣùgbọ́n òkúta tó tutù a máa dán bíi dígí. Ìlà dúdú gbọọrọgbọọrọ tí ẹ ń rí lára àpáta Ìdànrè, ipa ọ̀nà tí omi òjò ń ṣàn gbà ni, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń hù síbẹ̀. Tí omi bá wà lórí rẹ̀ tí òòrùn sì dojú kọ yín, á kọ mànà, á sì funfun báláú nínú fọ́tò. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ dà. Fítà polarizer, dígí tí wọ́n ń dé mọ́ ojú lẹ́ńsì, ń dín dídán náà kù. Èmi kì í pa á rẹ́ tán, torí dídán yẹn ló ń sọ pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

Mo ti bú ọ̀sán tó, ẹ jẹ́ kí n yìn ín díẹ̀. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bá ń kọjá, òjìji wọn á máa rìn lórí òkè. Ẹ yan òkúta kan, ẹ to kámẹ́rà sílẹ̀, kí ẹ dúró kí òòrùn bọ́ lé òun nìkan kí gbogbo àyíká rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo ti dúró wákàtí méjì fún irú rẹ̀ rí, ìmọ́lẹ̀ náà ò lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nínú ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, tó wà lókè náà, ọ̀sán dára: oòrùn á lu ilẹ̀ àgbàlá, á sì ta padà sábẹ́ òrùlé, ìmọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. Àwọn èèyàn ń gbé orí òkè yẹn títí di nǹkan bí ọdún 1923; mo máa ń rò ó pé àwọn náà á mọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí tí ọ̀sán bá mú.

Ní ti kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn tún ṣe. Ẹ kúrò lórí white balance aládàáṣiṣẹ́, ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, láàárọ̀, torí á wo wúrà bí àṣìṣe, á sì fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ fi í sí Daylight, ètò ti ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà láàárín dúdú àti funfun, nítorí náà tí òkúta dúdú bá gba ibi tó pọ̀ jù nínú fọ́tò, á tan ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú ọ̀run á fi funfun bí òwú. Ẹ wo histogram, àwòrán kékeré tó ń fi hàn láti òsì sí ọ̀tún bí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò ṣe pọ̀ tó, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí apá ọ̀tún rẹ̀ ò fi ní kan ògiri. Òkúta tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé gbé dìde nílé. Ojú ọ̀run tó bá ti jóná ti lọ nìyẹn.

Ẹ má sì sáré sọ̀ kalẹ̀ tí òòrùn bá wọ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣì wà tí ojú ọ̀run á máa tan ìmọ́lẹ̀ sára àpáta láìsí òjìji kan tó le, àwọ̀ á sì máa yí padà lójú yín. Kí ẹ tó gòkè ni kí ẹ ti bá ẹni tó ń mú yín lọ sọ ọ́ pé ẹ máa pẹ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì méjì dání. Àtẹ̀gùn yẹn, ìgòkè rẹ̀ ń gba èémí, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn ló ń gbọn orúnkún.