Kempton, Beaulieu, Plumstead: ọ̀nà tí Triton fi ń di odindi

Triton ni alùpùpù tí wọ́n fi férémù Norton àti ẹ́ńjìnì Triumph kàn pọ̀, páàtì àtijọ́ lẹ ó sì fi tò ó. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Waterloo bọ̀ máa ń já èrò sílẹ̀ ní Kempton Park, ní Sunbury, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá eré ẹṣin. Bí ó bá jẹ́ Sátidé ọjà páàtì, ẹ tètè dé. Orí tapólì ni wọ́n ń pàtẹ sí: tánkì tó ti dógùn-ún, kabúrétọ̀ nínú páálí, bóòtù tí wọ́n dà jọ sínú garawa bí ẹ̀wà. Ẹ mú káípà dání, ẹ mú géèjì tí wọ́n fi ń wo eyín bóòtù, tọ́ọ̀ṣì, irin gbọọrọ méjì, àti owó pépà.

Férémù Norton tí wọ́n ń pè ní Featherbed lẹ wá wá. Rex McCandless, ará Belfast, ló ṣe é, 1950 ló sì kọ́kọ́ jáde lójú pápá eré. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré 500 cc sáré nígbà náà fẹ́ràn ẹ́ńjìnì Manx, alùpùpù eré Norton, ṣùgbọ́n Norton kì í tà á lọ́tọ̀. Wọn á ra odindi alùpùpù, wọn á yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, férémù á ṣófo. Ẹ́ńjìnì Triumph ni wọ́n wá gbé sínú irú férémù bẹ́ẹ̀. Triumph àti Norton, ó di Triton.

Triton kan lè ní férémù 1957, ẹ́ńjìnì 1961, gíábọ́ọ̀sì 1959 àti kabúrétọ̀ 1968. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́, páàtì tó fẹ́ẹ̀ bára mu ni. Èyí tí kò bára mu rárá á kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó fẹ́ẹ̀ bára mu á wọlé, á dákẹ́, ó di ojú títì kó tó tú.

Férémù tí wọ́n ṣe títí di 1959 fẹ̀ lókè, lábẹ́ tánkì àti ìjókòó, ó sì ń ya itan awakọ̀. Láti 1960 ni wọ́n ti fún un níbẹ̀. Tánkì ọ̀kan kì í jókòó dáadáa lórí èkejì, nítorí náà ẹ má ra tánkì kí ẹ tó ra férémù. Nínú nọ́ńbà ara férémù, 12 ń tọ́ka sí alùpùpù Norton tó ń jẹ́ Dominator 88, 14 sí Dominator 99. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó; òun ni DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, fi ń mọ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì tí ẹ bá pààrọ̀ náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ tó wọn létí kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀.

Ẹ ki irin kan bọ ihò tí fọ́ọ̀kì ń gbà kọjá, ẹ ki ìkejì bọ ibi tí apá ẹ̀yìn ti ń yí, kí ẹ sì sún sẹ́yìn kí ẹ wò ó. Bí irin méjèèjì kò bá dá igun 90° síra wọn, bí igun férèsé, férémù náà ti ṣubú rí. Ẹ tún wo etí tí wọ́n ń de ẹ́ńjìnì mọ́ níwájú. Ọ̀pọ̀ ló ti gé e kúrò láti fi àyè gba ẹ́ńjìnì mìíràn.

Beaulieu, ní Hampshire, ni fún ẹ́ńjìnì. Láti 1967 ni ọjà páàtì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, oṣù September ni. Brockenhurst ni ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ tó wọ mọ́tò. Nọ́ńbà Triumph 650 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D lásán jẹ́ ti 1960 sí 1962, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ dá wà. DU bẹ̀rẹ̀ ní 1963, tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì di ọ̀kan. Nígbà tó yá, lẹ́tà méjì ló wà níwájú, ti oṣù àti ti ọdún: AD jẹ́ January 1970. Bí olùtajà bá ní ti 1962 ni AD tó wà lọ́wọ́ òun, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ dojú ẹ́ńjìnì dé. Nọ́ńbà kékeré wà lábẹ́ ìlàjì kọ̀ọ̀kan ilé kíráńkì, méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ ara wọn, torí pé pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ojú bẹ́árìn wọn. Ìlàjì méjì tí kò bára wọn wá á de bóòtù dáadáa, ṣùgbọ́n kíráńkì á wọ́ nínú wọn. Ẹ ka bóòtù orí sílíńdà pẹ̀lú: 8 ni ti ìgbà D, 9 ni láti 1963, orí kan kò sì lè wọ sílíńdà kejì. Orí aluminiọ́mù oníbóòtù 8 máa ń là láàárín ihò bóòtù àti ìjókòó fáàfù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì yìí jù lọ kò hàn síta. Nínú kíráńkì, páìpù kékeré kan wà tó ń gba ìdọ̀tí inú epo. Bí kíráńkì ti ń yí, ìdọ̀tí á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá kún, epo kò ní dé orí kọnrọ́ọ̀dù mọ́. Bóòtù fáwílì kan ló dì í mú. Ẹ tú ìyẹn, kí ẹ sì ṣí ìdérí tí wọ́n ti fi póńṣì tẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ohun dúdú tó ń jáde níbẹ̀ le bí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ́ńjìnì tó ń yí wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín nínú ọjà lè ní ìkúnwọ́ rẹ̀ nínú.

Bí ẹ bá ti padà sí London, Plumstead wà ní gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí lónìí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Norton kó lọ nígbà tí Bracebridge Street ní Birmingham tilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ilé iṣẹ́ náà ti wó, àwọn ará ibẹ̀ ń kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká dá dúró díẹ̀ lórí bóòtù, torí ibẹ̀ ni ọdún ti ń jà. Oríṣi eyín mẹ́ta ni bóòtù 1/4 íńṣì tó lè dé ọwọ́ yín lè ní, orúkọ wọn nìyí: CEI, eyín 26 nínú íńṣì, BSF, 26 náà, UNF, tí Triumph ń lò láti òpin àwọn ọdún 1960, 28. UNF á há kíá, ẹ ó mọ̀. CEI àti BSF ló léwu: iye eyín wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n igun eyín CEI jẹ́ 60°, ti BSF 55°. Nọ́ọ̀tì á wọ̀ ọ́ lọ pátápátá láìṣe wàhálà, ṣóńṣó eyín nìkan ló sì fi dì í mú. Nígbà tí ẹ bá fún un ní agbára, á jẹ eyín náà. Ní 5/16, ìyàtọ̀ hàn: CEI 26, UNF 24, BSF 22. Ẹ má ṣe da wọn pọ̀ sínú agolo kan.

Pẹpẹ aluminiọ́mù tó nípọn tó mìlímítà 10 ló ń so ẹ́ńjìnì mọ́ férémù. Fún ẹ́ńjìnì D, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ dá wà, gíábọ́ọ̀sì AMC (ilé iṣẹ́ tó ni Norton nígbà náà) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 ni mo fara mọ́ jù. Ṣéènì 1/2 × 5/16 íńṣì, tó ti ẹ́ńjìnì lọ sí kíláàṣì, bá Triumph àti Norton mu, ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ: ṣéènì wọlé, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò tọ́. Ẹ gbé irin tó gún sórí eyín ẹ́ńjìnì àti ti kíláàṣì. Bó bá yà ní mìlímítà 1, ẹ fi wáṣà gbé èyí tó rẹlẹ̀. Ẹ má gbàgbé pẹpẹ kékeré láti orí sílíńdà sí férémù. Písítìnì méjèèjì jọ ń gòkè, jọ ń sọ̀ ni, ìgbọ̀n yẹn á sì la pẹpẹ ẹ́ńjìnì bí kò bá sí ohun tó dì í mú lókè.

Pósítífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin nínú iná Lucas ìgbà náà. Ẹ má yí i. Tánkì fáíbà náà, ẹ sá fún un: ethanol inú epo E10 ń yọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ kámù T120, ìyẹn Triumph Bonneville 650, ẹ fi àlàfo fáàfù sí 0.05 mm fún èyí tó ń gbà wọlé, 0.10 mm fún èyí tó ń tú jáde, kí ẹ́ńjìnì tutù. Bí ó bá ti tan, ẹ ṣí ìdérí tánkì epo ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo ẹnu páìpù tó ń dá epo padà. Epo gbọ́dọ̀ máa ta síta níbẹ̀, pẹ̀lú atẹ́gùn. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí kò sí nǹkan, ẹ pa á.

Ìrìn àkọ́kọ́ tó yẹ ẹ ni Ace Cafe, ilé oúnjẹ àwọn alálùpùpù, lórí North Circular, nítòsí ibùdókọ̀ Stonebridge Park. 1938 ni wọ́n ṣí i, ó tì ní 1969, ó padà ní 2001. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fún bóòtù orí sílíńdà àti ti pẹpẹ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì tún wọn fáàfù kí ẹ tó padà sílé.