Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: kóòsì tó máa gbé nǹkan kúrò lórí pẹpẹ yín ni kẹ́ ẹ máa wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí nídìí iṣẹ́ egbòogi, ẹ kú oríire o, iṣẹ́ á gbè yín. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa da kóòsì bo fóònù yín báyìí, ti òpin ọ̀sẹ̀, ti orí Zoom, ewé tuntun fún oríkèé ríro, egbò tó ń fa ikùn wọlé, ẹ ṣáà sanwó kẹ́ ẹ gba sàtífíkéètì. Èmi náà ti jókòó sí púpọ̀ nínú ẹ̀, ó sì máa ń dùn, irọ́ kọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú èyí tó wúlò fún mi jù, àwọn tó jẹ́ kí n gbé nǹkan kúrò lórí pẹpẹ oògùn mi ni, kì í ṣe àwọn tó ń fi ewé kún ewé.

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Belgium níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ilé ìtọ́jú kan tó ń bá àwọn obìnrin dín sísanra kù fi egbò àwọn ará Ṣáínà kún oògùn wọn. Egbò Stephania tetrandra ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ fang ji ni wọ́n ń pè é lédè Ṣáínà, fang ji náà sì ni wọ́n ń pe Aristolochia fangchi, iwájú orúkọ nìkan ló yàtọ̀, bí Aristolochia ṣe bọ́ sínú oògùn nìyẹn. Kò pẹ́ tí kídìnrín àwọn obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé ní 100, àwọn kan tún wá ní jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pààyàn níbẹ̀ o. Nítorí náà kóòsì tó bá máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá egbò gbígbẹ mọ̀, tó ní kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ microscope, kẹ́ ẹ fi orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀ wé ohun tí ẹni tó tà á kọ sára ọ̀rá, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀ bó tiẹ̀ ń sú yín. Ọgbà ewéko Kew ní London ti kó orúkọ àwọn ewé oògùn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó tún lágbára ni ti oògùn òyìnbó tí aláìsàn ń lò lọ́wọ́. Ewé St John's wort tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó máa ń ta ẹ̀dọ̀ jí, ẹ̀dọ̀ á wá máa fọ́ oògùn míì dànù kó tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán: oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí, warfarin tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, oògùn HIV, àti ciclosporin tí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún ń lò. Ní 2000 àwọn dókítà kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí ara wọn fẹ́ kọ ọkàn tí wọ́n pààrọ̀ fún wọn nítorí ewé yìí. Licorice náà ńkọ́, egbò dídùn tí wọ́n máa ń fi sínú oògùn ikọ́, téèyàn bá ń mu ún púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ó ń dá iyọ̀ àtomi dúró sára, ó ń lé potassium jáde, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ẹ wá rò ó wò kẹ́ ẹ lọ fún ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ ní irú ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè gan-an ní ẹ̀kọ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi aláìsàn pé "ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?", á ní rárá. Ẹ bi í pé "kí lẹ gbé mì láàárọ̀ yìí?", á ní "kò sí o, àfi kiní funfun kékeré yẹn ṣá". Ẹ ní kó gbé báàgì ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ jọ kó ohun tó wà níbẹ̀ sórí tábìlì, ẹ ó rí nǹkan. Apoògùn kan ló kọ́ wa, obìnrin ni, gbogbo ọ̀sán ló fi ní ká máa bi ara wa léèrè, ẹnì kan á ṣe aláìsàn, ẹnì kan á ṣe oníṣègùn, àwọn kan tiẹ̀ ń kùn pé àwọn ò torí eré wá. Mi ò tíì rí kóòsì tó wúlò tó ìyẹn.

Gbogbo wa la máa ń fi Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó ṣàwárí oògùn ibà, yangàn pé ewé ìbílẹ̀ ló jẹ́ kó gba Nobel ní 2015, kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé obìnrin yìí ti kàwé nípa oògùn òyìnbó jáde ní 1955, síbẹ̀ ó tún lọ jókòó sí kíláàsì láti 1959 sí 1962 kí wọ́n kọ́ ọ ní ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà. Nígbà tí iṣẹ́ oògùn ibà wá dé ọwọ́ ẹ̀, tí ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la, inú ìwé tí Ge Hong, oníṣègùn ará Ṣáínà ayé àtijọ́, kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn ló ti rí i pé kò sí sísè níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rẹ ewé yẹn sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Ló bá fura pé iná ló ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, ó fi ether, kẹ́míkà olómi kan tó tètè ń hó, fà á jáde láìjẹ́ kó gbóná púpọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò rówó kóòsì, ẹ kó ara yín jọ lóṣooṣù, kí kálukú gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn kan wá, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá lẹ́yìn tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹni tó ń jó. William Withering, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ nípa àgbo ìdílé kan tó ní ewé foxglove nínú, fún ara wíwú, ní 1775, ó di 1785 kó tó tẹ̀wé nípa ẹ̀, ó sì kọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé nǹkan tẹ́ ẹ fún èèyàn ṣe é léṣe, ẹ fi tó àwọn tó ń ṣọ́ oògùn lórílẹ̀-èdè yín létí, wọ́n ń gba ti egbòogi náà.

Kẹ́ ẹ sì tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ni àti ohun tó ń tà. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ yín náà ló ń ta ìgò tó wà lórí tábìlì, ìpolówó lẹ lọ. Ní ti wákàtí ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ oníṣègùn ní kẹ́ ẹ kó jọ lọ́dọọdún, ẹ kó o, mi ò bá a jà, àmọ́ ẹ máa kọ ọ́ sẹ́yìn sàtífíkéètì kọ̀ọ̀kan, ohun tẹ́ ẹ yí padà nídìí iṣẹ́ yín nítorí ẹ̀. Àwọn kan wà nínú tèmi tí ẹ̀yìn wọn ṣì funfun báláú.