Funfun lálẹ́, aró láàárọ̀

Igun kan wà lẹ́yìn ilé mi tí omi kì í gbẹ níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá la ojú omi síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Kòtò náà kò tíì dé orúnkún mi tí amọ̀ tó ń jáde kò fi pupa mọ́. Ó ti rí bí eérú tútù, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ṣọ́bìrì ti kan egungun kan. Egungun itan màlúù ni, ó ki ju ti ènìyàn lọ dáadáa. Ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó rọ̀, ó ń bù sí mi níka.

"Ẹ̀gbọ́n, símẹ́ńtì funfun nìyẹn. Àwọn bíríkìlà ló dà á síbẹ̀."

Àbúrò mi nìyẹn. Òun kì í pẹ́ dájọ́. Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló rí nǹkan róbótó róbótó aláwọ̀ ìyeyè nídìí òdòdó, tó pariwo pé ìgbín ti yé sí wa lọ́gbà, tó sì ti ṣà wọ́n dànù tó ẹ̀kún ọwọ́ kan kí n tó dé. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan. Ẹyin ìgbín máa ń ṣù jọ sójú kan, ohun inú rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ikun. Àwọn wọ̀nyí fọ́n káàkiri, omi ṣàn-án àti hóró bí iyọ̀ ló sì jáde nígbà tí mo fọ́ ọ. Ajílẹ̀ ni! Irú èyí tí wọ́n fi nǹkan tín-ín-rín bò lára kó lè máa yọ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Owó mi ló ń kó dànù.

Nítorí náà mo ní ká má tíì sọ egungun yìí lórúkọ. Mo ro fínígà sí ibi funfun náà. Símẹ́ńtì ì bá hó. Èyí kò hó rárá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo bá gbé e lé orí pátákó lẹ́bàá ògiri, mo wọlé lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aró ló kù níbẹ̀. Kò funfun mọ́, ó ti di búlúù, bí ẹni ta aró sí i lára. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè nìkan ni o. Mo yí i padà, abẹ́ tó wà lórí pátákó ṣì funfun. Kó tó di ọ̀sán, abẹ́ náà ti ń yí. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ṣú dẹ́dẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Májèlé ni!" Ó ti fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe májèlé. Amọ̀ ní irin nínú, egungun ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Níbi tí omi bá ti dí ilẹ̀ pa tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, àwọn méjèèjì lè para pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní vivianite. Lábẹ́ ilẹ̀, kì í láwọ̀, tàbí kó funfun. Bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá bà á, irin inú rẹ̀ á yí padà, bí irin ṣe ń dógùn-ún, àmọ́ dípò kó pupa, aró ló ń dà. Abraham Gottlob Werner, onímọ̀ nípa òkúta ará Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1817, ó fi orúkọ John Henry Vivian, oníṣòwò bàbà kan ní Wales, pè é. Wọ́n rí i lára Ötzi pàápàá, òkú tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún, tí wọ́n bá nínú yìnyín òkè Alps ní 1991.

Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ yẹn náà, ilẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ mí ló fà á. Ká ní mo kíyè sí i dáadáa, ó ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún mi kí n tó rí egungun.

Kòtò kan náà ló fún wa ní òkúta dúdú kan, ó wúwo, ojú kan ń dán bíi gíláàsì, inú rẹ̀ lu jára bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Àbúrò mi ní láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ó mú òòfà wá, òòfà sì fà á díẹ̀, ó bá ń rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n òòfà a máa fa ìdàrọ́ pẹ̀lú, ìyẹn pàǹtí tó máa ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá yọ́ irin. Ihò wọ̀nyẹn ni mo wò: òkúta ojú ọ̀run kì í sábà ní irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú. Ìdàrọ́ ni.

Ohun kan wà tí n kì í dán wò rárá, pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí etí rẹ̀ ń yọ fọ́nrán bí irun. Ó lè jẹ́ asbestos, ohun oní-fọ́nrán tí wọ́n máa ń fi ṣe òrùlé àti àjà ilé tẹ́lẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí mo bá rí irú rẹ̀, n kò ní ṣẹ́ ẹ wò. Màá wọ́n omi sí i, màá fi ọ̀rá bò ó, màá pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Egungun náà wà nínú ìgò, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí ìmọ́lẹ̀ lè sọ ọ́ di dúdú. Àbúrò mi máa ń wá wò ó, àmọ́ kì í fọwọ́ kan ìgò náà láìwọ ìbọ̀wọ́. Ní ti ojú omi, n kò tíì là á tán. Òjò rọ̀ lánàá, kòtò ti kún.