Igi tó ń ka òru

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, igi tíìkì inú igbó ọba yóò wọ́wé, àràbà náà yóò sì dúró ní ìhòòhò. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò rí wọn tí yóò rò pé wọ́n ti kú. Omi ti dínkù nínú ilẹ̀, ojú ewé sì ni igi ń gbà pàdánù omi jù, nítorí náà ó ju ewé sílẹ̀ kí ó lè tọ́jú ìwọ̀nba tó kù. Ti Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò lóye, nítorí a gbà pé òtútù ni ó ń já ewé igi wọn bọ́. Igi tí ó bá dúró de òtútù kí ó tó múra ti pẹ́ jù.

Gígùn òru ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi náà ń wò. Òtútù lè tètè dé lọ́dún yìí, kí ó sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mí-ìn, ṣùgbọ́n òru kì í yẹ̀. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀sán oṣù Kẹfà máa ń ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù Kejìlá kì í sì í pé wákàtí 8. Ní Adó-Èkìtì, ìyàtọ̀ àárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Èròjà kan wà nínú ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phytochrome, tí ìmọ́lẹ̀ pupa ń yí padà, tí òkùnkùn sì ń dá padà díẹ̀díẹ̀. Òun àti agogo inú igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wọn òru. W. W. Garner àti H. A. Allard ti kọ̀wé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1920 pé gígùn ọ̀sán àti òru ni ọ̀pọ̀ ewéko ń tẹ̀lé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìròyìn tí E. B. Matzke mú wá láti New York ní ọdún 1936, pé ẹ̀ka tó súnmọ́ iná ojú pópó ń pẹ́ kí ó tó wọ́wé ju àwọn ẹ̀ka yòókù lọ. Iná lásán ni ó tan igi jẹ!

Bí òru bá ti gùn tó, igi yóò dẹ́kun gíga, yóò fi ìpẹ́ líle bo ojú tí ewé ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ, yóò sì fa púpọ̀ nínú náítírójìn, èròjà aṣaralóore inú ewé, padà sínú èèpo àti gbòǹgbò kí ó tó gé ewé náà kúrò lára. Omi yóò jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara igi, àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ni yóò ti di yìnyín, ṣúgà yóò sì ki nínú èyí tó kù, kí yìnyín má baà gún sẹ́ẹ̀lì pa. Ní ọdún 1960, Akira Sakai ní Japan kọ́kọ́ mú kí ẹ̀ka igi dì díẹ̀díẹ̀, ó wá rì wọ́n sínú náítírójìn olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ náítírójìn tí a mú tutù títí ó fi di omi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, wọn kò sì kú.

Jíjí igi náà ni ó kan Èkìtì. Ọjọ́ mélòó kan tó móoru láàárín òtútù kò gbọ́dọ̀ tan igi jáde, nítorí náà ó ń ṣírò wákàtí òtútù bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì, kò sì ní rúwé títí iye rẹ̀ yóò fi pé. Ọ̀pọ̀ irú igi ápù ń fẹ́ nǹkan bí 1,000 wákàtí ní òtútù tí kò ju ìwọ̀n 7 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Ìdájí ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí gbogbo wa ń kùn nípa rẹ̀, kò súnmọ́ ìyẹn rárá. Ẹni tó bá gbin kóró ápù tó rà lọ́jà Adó lè rí igi, ṣùgbọ́n kí ó má retí èso: ojú igi náà yóò máa dúró de àmì tí kì í dé. Àwọn ará Ísírẹ́lì ti mú irú kan jáde, Anna, tí kò fẹ́ òtútù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ díẹ̀.

Kí a má sì rò pé òjò nìkan ni igi tiwa ń wò. E. Njoku ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1963 àti 1964 lórí bí àwọn igi igbó Nàìjíríà ṣe ń sinmi tí wọ́n sì ń rúwé, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ kékeré nínú gígùn ọ̀sán ń nípa lórí àwọn kan nínú wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ igi kékeré. Ìyẹn lè jẹ́ ara ìdí tí ọ̀pọ̀ igi fi ń yọ ewé tuntun ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ tí òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.