Mo ti yọ plásítà kúrò lójú iná táyà

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti máa ń ra àdìrẹ tí mò ń tà n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Corolla 2010 mi la fi ń kó o, tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni iná yẹ́lò kan ti ń tàn ní dásíbọ́ọ̀dù: ó dà bí ìkòkò tí kò ní ìdérí, àmì ìyanu sì dúró sínú rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní, "Màdáámù, iná Amẹ́ríkà nìyẹn, kò kan ọ̀nà tiwa." Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí iná náà ń yọ mí lẹ́nu lálẹ́, mo gé plásítà, mo fi bò ó.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ooru mú bí iná. Búùtù kún, ìjókòó ẹ̀yìn kún. Èmi àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ọ̀dẹ̀dá ni táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bẹ́. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì. Mi ò tẹ búréèkì. Mo di sítíárìn mú ṣinṣin títí ọkọ̀ fi rọra wọ inú koríko, tó dúró. Ọmọ náà ń pe Jésù. Èmi ò lè la ẹnu.

Fọkanáísà tí wọ́n bá wa pè, bàbá àgbàlagbà kan, bọ́ táyà náà kúrò lára rímù, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Nígbà tó fà á yọ, ìyẹ̀fun dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó kúná bí ẹ̀tù. Rọ́bà táyà ló lọ̀ di bẹ́ẹ̀. "Ìyá mi," ó ní, "ó ti pẹ́ tí táyà yìí ti ń fi ebi sáré."

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, bó ṣe ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tó tún ń nà. Ìyẹn ló ń mú un gbóná láti inú wá, pàápàá tí ẹrù bá wúwo, títí okùn inú rẹ̀ á fi já. Bẹ́ẹ̀ mo sì ti wo táyà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà o. Kò jọ èyí tó lọ sílẹ̀.

Bàbá tún fi nǹkan dúdú kékeré kan hàn mí ní ìdí ibi tí a ti ń fẹ́ táyà, nínú rímù níbẹ̀. Ó ní òun ló ń bá iná yẹ́lò inú dásíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù táyà ní Houston ló là á yé mi lórí WhatsApp. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: ó ń wọn atẹ́gùn, ó sì ń fi réèdíò ránṣẹ́ sí ọkọ̀. Bí atẹ́gùn bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí iye tí wọ́n kọ sí ibi ilẹ̀kùn awakọ̀, iná gbọ́dọ̀ tàn. 32 psi, ìwọ̀n tí gééjì táyà ń lò, ni wọ́n kọ sí tèmi; 24 ni ìkìlọ̀ yẹ kó dé. Ikú ló mú òfin yìí wá ní Amẹ́ríkà. Táyà Firestone tó ń bó lẹ́sẹ̀ Ford Explorer pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ni wọ́n bá ṣe òfin lọ́dún 2000. Láti oṣù Kẹsàn-án 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun níbẹ̀ ló ń gbé iná yìí jáde. Nítorí náà ló fi wà nínú tókunbọ̀ wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí. Bí ẹ bá ṣáná sọ́kọ̀ tí iná náà ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, sẹ́ńsọ̀ ló ní àléébù. Bó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, táyà ni kí ẹ lọ wò. Tèmi máa ń ṣẹ́jú. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Bátìrì sẹ́ńsọ̀ máa ń lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ pa, kò ṣeé pààrọ̀; odindi rẹ̀ lèèyàn ń rà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò bá ọkọ̀ mi sọ̀rọ̀ rárá. Ti Yúróòpù ni, 433 MHz ni réèdíò rẹ̀ ń lò. 315 ni ti ọkọ̀ mi. Owó yẹn gbé. Ìgbà tí mo rí èyí tó yẹ, rìwáyà fi kọ̀ǹpútà kọ nọ́ńbà wọn sínú ọkọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ kò mọ ọjọ́ orí táyà o. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ni kí ẹ wò: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ sì gééjì rẹ̀. Táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju tirẹ̀ lọ hàn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bí a ṣe ń kúrò ní Ìtòkú, iná tàn. Kò ṣẹ́jú. Mo ní kí ọmọ mi yí ọkọ̀ ká, kó sọ táyà tó jẹ́. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀ ọ́n. Gééjì fọkanáísà ló mú un: iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, 23. Ó da omi ọṣẹ sí i, ìfófó funfun kékeré ń yọ níbi ìṣó kan tí orí rẹ̀ kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Ó yọ ọ́, ó dí i, ó fẹ́ ẹ dé 32. Kí a tó dé Ọ̀dẹ̀dá, iná náà ti kú.