Okùn Karùn-ún Ni Mo Fẹ́ Rà, Gìtá Tó Kù Èènì Ni

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Birmingham

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn méjì tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ wa ti ń rẹ ohùn okùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì ti dúró sí nóòtì C báyìí. Báàsì olókùn mẹ́rin mi, gìtá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin, kò lè bá wọn débẹ̀. Mo dẹ okùn E rẹ̀, èyí tó wálẹ̀ jù, títí ó fi dé C, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ta á kíkankíkan, ariwo irin ló ń dún, nóòtì gan-an kò hàn. Bí báàsì ò bá sì hàn nínú orin mẹ́tàlì, kí wọ́n kúkú jẹ́ kí n jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìgboro lọ lónìí láti yẹ olókùn márùn-ún wò.

Ìlú yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ dídẹ okùn ti wọ irú orin yìí. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi tó ń ta gìtá nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì níléeṣẹ́ onírin kan níbí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ okùn ni ẹ̀rọ ọ̀hún sì gé. Ó fi ike ṣe orí ìka fún ara rẹ̀, ó wá okùn tín-ín-rín, nígbà tó sì fi máa di 1971, ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, ti ń dẹ okùn dé C♯ kó lè rọrùn fún un láti tẹ̀. Geezer Butler tó ń ta báàsì fún wọn dẹ tirẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Olókùn mẹ́rin ló fi ṣe é o. Mo gba orí afárá Broad Street kọjá, níbi tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì tó ní ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ní 2019. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ya fọ́tò, gbogbo wọn rọ̀ gbágbáágbá mọ́ Ozzy, akọrin wọn, kò sẹ́ni tó súnmọ́ Geezer. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwa tó ń ta báàsì níbi gbogbo nìyẹn.

Olókùn márùn-ún tí iléeṣẹ́ Fender kọ́kọ́ ṣe ní 1965, òkè ni wọ́n fi okùn kún, C tó tín-ín-rín. Kò pẹ́ lọ́jà. Ìsàlẹ̀ làwọn èèyàn ń wá! Àárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń ta báàsì bíi Jimmy Johnson tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ní B nísàlẹ̀. Lórí irú ìyẹn, n ò ní dẹ nǹkan kan: C wà ní fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) àkọ́kọ́ lórí okùn B, B fúnra rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́.

Ṣùgbọ́n okùn B yẹn ni gbogbo wàhálà. Okùn E ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, B ń gbọ̀n ní 31. Ohùn tó wálẹ̀ tó báyẹn ń fẹ́ okùn tó nípọn tàbí okùn tó gùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti wo onídùndún rí á mọ̀ ọ́n: bó bá dẹwọ́ lára ọsán, ohùn ìlù á wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọsán bá dẹ̀ jù, ìlù á kàn máa dún gbúù, kò ní sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ báàsì ni gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ 34 íǹṣì, bí Leo Fender ṣe fi lélẹ̀ ní 1951. Bí a bá sọ ọ́ di 35, tí okùn àti ohùn kò yí padà, ó máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Lórí ìwé, kékeré ni. Ìka máa mọ̀ ọ́n. Dingwall, iléeṣẹ́ kan ní Saskatoon lórílẹ̀-èdè Kánádà, tiẹ̀ dágun fret wọn tó fi jẹ́ pé okùn G gùn ní 34 íǹṣì, okùn B sì gùn ní 37. Adam Getgood tó wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́tàlì Periphery tẹ́lẹ̀ bá wọn ṣe ọ̀kan nínú wọn. Mo ta irú rẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ okùn B rẹ̀. Ẹ̀rù tún bà mí nígbà tí mo yí i padà tí mo rí iye tí wọ́n kọ sí i.

Èyí tí ọmọ ìtajà kọ́kọ́ gbé fún mi pupa, ó ń dán gbinrin. Ó ń sọ̀rọ̀ igi ṣáá: igi báyìí ń mú ohùn jinlẹ̀, igi tọ̀hún ń mú un mọ́. Mo ń gbọ́. Nígbà tí onílù wa bá ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá, tí gìtá méjì ń ké lọ́tùn-ún lósì, ta ló fẹ́ gbọ́ igi? Mi ò so ó mọ́ amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Mo gbé e sórí itan, mo tẹ okùn B ní fret karùn-ún níbi tó ti di E, mo wá ta okùn E láìtẹ̀ ẹ́. Nóòtì kan náà ni. E ń sọ̀rọ̀, B ń kùn. Orí rẹ̀ tún wúwo, bí mo bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀ ó ń dorí kodò. Mo dá a padà sára ògiri.

Ààyè àárín okùn náà ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè sọ sí èèyàn lọ́kàn. Nídìí báàsì mi, 19 mìlímítà ni. Àwọn olókùn márùn-ún kan sún un mọ́ra dé 16.5. Ẹni tó ń fi píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré, ta lè fẹ́ràn ìyẹn. Ìka méjì ni mo fi ń ta, ìka mi ò sì kéré. (Alex Webster ti ẹgbẹ́ Cannibal Corpse ń fi mẹ́ta ta olókùn márùn-ún, ẹ má jẹ́ ká sọ tìyẹn.)

Nígbà tí mo kan dúdú kan tí ẹlòmíì ti lò rí, 35 íǹṣì, mo pe ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní báàsì n'Íbàdàn. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan olókùn márùn-ún, ti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Báàsì ni mo wá rà, B rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́."

"Kí lo tún fẹ́ fi B ṣe tó yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ń fi tiyín sọ̀kalẹ̀ ni, sà. Tí orin bá fẹ́ parí, ẹ ó gbé nóòtì kan sílẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á mì. Àwa ń sáré lórí ẹ̀ ni, látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, sáré kí n gbọ́."

Mo gbé fóònù síwájú amp, mo sáré. Wọ́n ní, "Ìyẹn ń sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ fóònù ò lè gbé ìgbà 31 yẹn jáde láéláé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé okùn kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo: 62 wà nínú rẹ̀, 93 wà, títí lọ sókè. Etí ń kó àwọn tó wà lókè jọ, ó fi ń mọ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi yí ìsàlẹ̀ sókè lórí amp bí mo bá fẹ́ hàn nínú ariwo. Àárín ni mò ń wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Helsinki ń ṣe, Darkglass, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: ó ń mú ohùn há, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó mọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Báàsì dúdú yìí ń lo bátìrì 9V, ó sì ní bọ́tìnì tí mo lè fi yẹ bátìrì sílẹ̀ bó bá fẹ́ kú lórí ìtàgé. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ẹwà lọ.

Mo rò ó dáadáa kí n tó mówó jáde. Ọ̀nà kan wà tí n ò fi ní ra báàsì mìíràn. Mo lè ra okùn olókùn márùn-ún, kí n yọ G dànù, kí n to B, E, A, D sórí olókùn mẹ́rin mi, kí n sì fi fáìlì fẹ ojú ihò tí okùn gbà lókè ọrùn. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Steve Harris tó ń ta báàsì ò tiẹ̀ fi ju olókùn mẹ́rin lọ gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, Iron Maiden, dé ibi tó dé. Àmọ́ mo ṣì ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó ń lé orin níbẹ̀ kì í sì í sọ key (ohùn tí wọ́n fẹ́ gbé orin lé) fún ẹnikẹ́ni. Wọn á kàn la ẹnu. Bí wọ́n bá gbé e ní D♭, mo nílò B, mo sì nílò G.

Mo san díẹ̀ sílẹ̀, ó di Ọjọ́ Ajé kí n tó san èyí tó kù. Okùn 130 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) ló wà ní ipò B. Mo ti ní kí wọ́n bá mi fi 135 sí i, kó tún le díẹ̀ sí i. Ọ̀dà rẹ̀ bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ò ní tún un kùn.

Ọjọ́rú la ní rihásà. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún wọn pé mo ti ní B, kí ẹnikẹ́ni má dẹ okùn mọ́. Èyí àgbà nínú àwọn tó ń ta gìtá dáhùn pé ó dáa. Èkejì fèsì pé ṣé A, tó tún wálẹ̀ ju B lọ, ò wá ní dùn jù báyìí. N ò tíì dá a lóhùn.