Ẹkùn Onílà ní Ranthambore

Nínú ìwé alífábẹ́ẹ̀tì tí mo fi kọ́ ìwé kíkà, àwòrán ẹranko pupa rúsúrúsú kan wà tó ní ilà dúdú lára, wọ́n sì kọ "ẹkùn" sí abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa ń kì ní ògìdán olóòlà ijù, àmì tótòtó ló wà lára rẹ̀, àti pé Éṣíà ni ilé ẹranko onílà yẹn. Táígà ni n ó máa pè é níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Òun ni mo lọ wò ní Ranthambore, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ní oṣù Kejì tí koríko ti gbẹ.

Àwọn ọba Jaipur ló ń ṣọdẹ nínú igbó náà nígbà kan rí. Ní ọdún 1973, ó di ọ̀kan lára àwọn igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ láti dáàbò bo táígà. Jíìpù tí kò ní òrùlé, tó ń gba èrò mẹ́fà, ni wọ́n fi gbé wa wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní lọ lásán: ọ̀kín, ọ̀nì létí adágún, àti àgbọ̀nrín lọ súà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, afinimọ̀nà wa ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo wa sì dákẹ́. Àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní sambar ti figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣàlàyé ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí chital, àgbọ̀nrín kékeré tó ní àmì funfun tótòtó lára, bá ké, ó lè jẹ́ ìfura lásán, ṣùgbọ́n sambar kì í sábà ké bí kò bá rí nǹkan. Etí ni wọ́n fi ń wá táígà níbẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa kò mọ èyí, wọ́n ń pariwo bí ẹni wà lọ́jà, inú sì bí mi gidigidi.

Inú koríko tí mo ti tẹjú mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrí nǹkan kan ló ti yọ jáde. Abo ni. Ó gba iwájú ọkọ̀ wa kọjá bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀, ó dúró, ó tọ̀ sára igi kan láti fi sàmì sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ó sì tún wọ inú koríko lọ. Báwo ni ohun tó pọ́n tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ibi sá pamọ́ sí? Afinimọ̀nà ní ojú àgbọ̀nrín kò lè ya pupa ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewé, àti pé ilà wọ̀nyẹn jọ òjìji koríko. Ilà táígà kan kò jọ ti èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ka ènìyàn. Òun ni àwọn tó ń kà wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ nínú fọ́tò tí kámẹ́rà inú igbó ń yà. Ní ọdún 2006, ìṣirò gbogbo Íńdíà jẹ́ 1,411; ti ọdún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,700.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, afinimọ̀nà bi mí léèrè orúkọ tí a ń pè é nílé wa. Mo ní ẹkùn, ó sì pè é tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un pé ẹkùn tiwa, ẹlòmíràn ló ń kọ ilà fún.